Kì í ṣe gbogbo etíkun ni ó yẹ fún ìgbafẹ́: Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ní Araròmí àti Ayétòrò kí a tó pe àlejò

Bí ọdún Àjíǹde tàbí ọdún Kérésìmesì bá ti ń kanlẹ̀kùn, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi ara wọn, yálà ní Ìpele ni o, ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìdóàní: níbo ni a ó ti lọ gbafẹ́ lọ́dún yìí? Àwọn kan á ní Òkè Ìdànrè. Àwọn mìíràn á ní àwọn kò tíì fojú kan òkun rí, pé ó tó àkókò kí àwọn náà fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ yóò dáwó, wọn yóò háyà bọ́ọ̀sì, wọn yóò di oúnjẹ sínú kúlà, ó di ọ̀nà.

Òkun jìnnà sí Ìpele. Ẹni tí ó bá gbéra níbẹ̀ yóò gba Ọ̀wọ̀, yóò gba Àkúrẹ́, yóò kọjá ní ìlú Oǹdó, ní Orè àti ní Òkìtìpupa kí ó tó dé Ìgbókòdá tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Síbẹ̀, òkun náà kì í ṣe ti àjèjì. Ìpínlẹ̀ kan náà ni Ìpele àti Ìlàjẹ wà láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976. Owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ná sí etíkun Ìlàjẹ, inú àpò kan náà tí owó ọ̀nà, owó ilé ìwé àti owó ilé ìwòsàn Ọ̀wọ̀ ti ń jáde ni yóò ti wá. Ọ̀rọ̀ etíkun kan ará oko kòkó bí ó ti kan apẹja.

Ó pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ náà ti máa ń yangàn pé kò sí ìpínlẹ̀ tí etíkun rẹ̀ gùn tó tiwọn ní Nàìjíríà. Iye tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni 180 kìlómítà. Láti orí èyí ni wọ́n ti máa ń sọ pé bí a bá lè sọ etíkun náà di ibi ìgbafẹ́, owó yóò wọlé, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kọ́ ni a fi ń mọ aṣọ tí yóò bá ni mu. Kí ni àwọn tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí máa ń wò kí wọ́n tó sọ pé etíkun kan yẹ fún àlejò? Bí a bá sì fi ohun tí wọ́n ń wò wọ̀nyí wọn etíkun Ìlàjẹ, kí ni a ó rí? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ AYÉ FI Ń WỌN ETÍKUN

Kì í ṣe ojú lásán ni wọ́n fi ń wo etíkun ní àwọn ilẹ̀ tí ìgbafẹ́ ti di òwò ńlá. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stephen Leatherman ti ń to àwọn etíkun ilẹ̀ náà ní ipò kìíní, ipò kejì, láti ọdún 1991. Ohun àádọ́ta ni ó máa ń yẹ̀ wò lára etíkun kọ̀ọ̀kan, láti orí bí iyanrìn ṣe rọ̀ sí títí dé orí bí ìgbì ṣe ga tó. Ní Yúróòpù, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Blue Flag, ìyẹn àsíá aláwọ̀ búlúù. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985, ó sì tàn ká Yúróòpù ní ọdún 1987. Orílẹ̀-èdè South Africa ni ó kọ́kọ́ gba àsíá náà lẹ́yìn òde Yúróòpù, ní ọdún 2001. Etíkun tí omi rẹ̀ kò bá mọ́ tónítóní, tí kò sì ní òmùwẹ̀ tí ń ṣọ́ àwọn tí ó ń wẹ̀, kò lè gbà á.

Àwọn onímọ̀ méjì, Allan Williams àti Anton Micallef, ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà jọ sí ọ̀nà márùn-ún. Wọ́n ní ohun márùn-ún ni àwọn tí ń lọ sí etíkun kà sí jù lọ: ààbò, ìmọ́tótó omi, ohun ìtura tí ó wà níbẹ̀, ẹwà àyíká, àti bóyá pàǹtírí wà nílẹ̀ tàbí kò sí. Àlàyé yìí wúlò nítorí pé kò le. Ẹni tí kò lọ sí yunifásítì pàápàá lè fi wọn etíkun tí ó bá dé. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÀÀBÒ NI ÀKỌ́KỌ́

Òkun tí ó wà níwájú wa kì í ṣe odò. Ìgbì rẹ̀ ń ti àárín gbùngbùn agbami Atlantic wá láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, ó sì máa ń fi agbára wó lulẹ̀ nítòsí èbúté. Láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò àti afẹ́fẹ́ bá ń jà, ìgbì máa ń le ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ yẹ etíkun wò fún ìgbafẹ́ lọ síbẹ̀ ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá lọ ní oṣù kìíní nìkan, ìdajì òkun ni ó rí.

Ohun tí ó ń pa ènìyàn jù ní irú etíkun bẹ́ẹ̀ ni omi tí ń fani lọ sẹ́yìn. Ìgbì máa ń gbé omi wá sí orí iyanrìn. Omi tí ó ti wá kò lè dúró síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà. Yóò wá ibi tí ilẹ̀ ti jìn díẹ̀ láàrin ìgbì, ibẹ̀ ni yóò sì gbà padà sínú agbami bí odò tí ń ṣàn kíkankíkan. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ojú ibi tí ó ń gbà yìí máa ń pa rọ́rọ́ ju apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀ lọ, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ wó níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ibẹ̀ gan-an ni ó dára jù láti wẹ̀. Kò ní í mọ̀ títí omi yóò fi gbé e kúrò nílẹ̀.

Ẹni tí omi bá gbé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a jà. Bí ó bá kọjú sí èbúté tí ó ń wẹ̀, agbára rẹ̀ yóò tán, omi náà kò sì ní í dá a sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó fi ara balẹ̀, kí ó léfòó, kí ó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú èbúté títí yóò fi kúrò lójú ibi tí omi ti ń fà, kí ó tó wá kọjú sí ilẹ̀. Omi tí ń fà yìí kì í sábà fẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìpele tí kò wẹ odò rí, tí ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí yóò rí òkun, kò lè rántí gbogbo èyí nígbà tí omi bá ti bo imú rẹ̀. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ ní àwọn òmùwẹ̀ tí wọ́n kọ́ṣẹ́, tí ìjọba tàbí ẹni tí ó ni ibi ìgbafẹ́ ń sanwó oṣù fún, tí wọ́n ń fi àsíá pupa sọ fún ènìyàn pé kí ó má wọ omi lónìí. Etíkun tí kò ní irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè yẹ fún ìrìn ẹsẹ̀, fún eré bọ́ọ̀lù àti fún àwòrán yíyà. Kò yẹ fún ìwẹ̀.

OMI TÍ OJÚ RÍ ÀTI ÈYÍ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Omi lè mọ́ lójú kí ó máà mọ́ nínú. Kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ìyọnu etí àti àrùn ara kì í hàn sí ojú. Ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń wá nínú omi etíkun ni àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹranko. Bí wọ́n bá ti wà nínú omi, a mọ̀ pé ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní ọdún 2006 sọ pé kí a tó pe omi etíkun ní èyí tí ó dára jù lọ, irú kòkòrò tí wọ́n ń pè ní enterococci kò gbọdọ̀ ju 100 lọ nínú omi 100 mílílítà, èyí tí kò tó ife tíì kan, bẹ́ẹ̀ ni E. coli kò sì gbọdọ̀ ju 250 lọ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń bu omi náà wò. Wọ́n ń bù ú léraléra ní gbogbo àsìkò ìwẹ̀, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì sábà máa ń papọ̀ kí wọ́n tó dájọ́.

Ní etíkun Ìlàjẹ, orí omi ni ọ̀pọ̀ ilé wà, orí òpó igi ni wọ́n kọ́ wọn sí, odò tí ó wà lábẹ́ ilé náà ni ìdọ̀tí ń bọ́ sí. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ará ibẹ̀. Irú ilẹ̀ tí wọ́n bá ara wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó ṣe ètò ìmọ́tótó tí ó bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè pe àlejò wá wẹ̀ níbi tí a kò ti yẹ omi wò.

Epo rọ̀bì tún wà níbẹ̀. Ìlàjẹ ni ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ń rí epo, ohun tí ó sì sọ ìpínlẹ̀ náà di ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ Niger Delta nìyẹn. Ní ọdún 2020, kànga epo kan tí wọ́n ń pè ní Ororo-1, tí ó wà nínú òkun ìpínlẹ̀ náà, bẹ́ sílẹ̀, ó gbiná, iná náà sì jó lójú omi fún ọdún bíi mélòó kan. Epo tí ó bá dà sínú òkun kì í dúró lójú kan, ìgbì ni ó ń gbé e wá sí èbúté. Ẹni tí ó bá ń yẹ etíkun wò gbọ́dọ̀ gbẹ́ iyanrìn díẹ̀ kí ó wo abẹ́ rẹ̀, bóyá epo dúdú wà níbẹ̀. Láti ọdún 2011 sì ni koríko òkun aláwọ̀ rúsúrúsú kan tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń wọ́ wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí ó bá gorí ilẹ̀ tí ó rà, òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbà mọ́ra, àwọ̀n apẹja náà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

IYANRÌN TÀBÍ ẸRẸ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn tí ń fi 180 kìlómítà yangàn kì í sábà mẹ́nu bà. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé etíkun kan gùn yóò máa fojú inú rí iyanrìn funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ìlàjẹ.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ pín etíkun Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin. Láti Àgbádárìgì wá dé ìhà ìlà oòrùn Lẹ́kí, iyanrìn ni, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn iyanrìn náà. Lẹ́yìn èyí ni etíkun ẹlẹ́rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ Mahin pè, tí ó sì lọ títí dé ẹnu odò Benin. Ibi tí odò Ọya ti wọ òkun ni ó tẹ̀ lé e, kí a tó wá kan iyanrìn mìíràn tí ó lọ sí ìhà Calabar. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú etíkun Ìlàjẹ, apá kejì yìí ni ó wà: ẹrẹ̀ dúdú tí ó rọ̀, tí ẹsẹ̀ ń rì sí.

Kí ni ó fà á? Ìgbì òkun ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ní etí ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kòtò jíjìn kan wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀, Avon ni orúkọ rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì gbà pé inú kòtò yìí ni iyanrìn tí ó ń bọ̀ láti ìhà Èkó ń dà sí. Kò dé iwájú mọ́. Ilẹ̀ tí ó wà níwájú kò rí iyanrìn gbà, ẹrẹ̀ nìkan ni ó kù fún un, ẹrẹ̀ kò sì ní agbára láti dúró níwájú ìgbì.

Araròmí, ìlú etí òkun tí ó wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Ìlàjẹ, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ Èkó, ni iyanrìn wà. Iyanrìn rẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ, igi àgbọn wà níbẹ̀, ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ti ẹwà, kò sí ohun tí ó fi kéré sí ọ̀pọ̀ etíkun tí àwọn ará Èkó ń sanwó wọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń fi Araròmí sílẹ̀ lọ sí ìlà oòrùn, iyanrìn á máa dínkù, ẹrẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ etíkun tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí kí ó jókòó, kì í ṣe 180 kìlómítà ni a ń sọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni.

AYÉTÒRÒ: ÌLÚ TÍ ÒKUN Ń JẸ

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ẹrẹ̀ túmọ̀ sí, kí a wo Ayétòrò. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ ìlú náà dó, tí wọ́n pe ara wọn ní Ìjọ Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń kó èrè sí àpò kan, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, iná mànàmáná sì tàn ní ìlú wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé, wọ́n sì kọ ìwé lé e lórí. Ìgbafẹ́ gan-an nìyẹn kí a tó máa pè é ní òwò.

Lónìí, òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú náà. Ilé ti lọ, ilé ìwé ti lọ, ibojì àwọn baba ńlá pàápàá ti wọ omi, àwọn ará ìlú sì ti ń ṣí sẹ́yìn léraléra. Àjọ NDDC tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 gbé iṣẹ́ àtidá òkun náà dúró síta, ọdún ń gorí ọdún, omi kò sì dáwọ́ ìjẹ rẹ̀ dúró. Níbi tí a bá dé yìí, ìbéèrè kẹfà dìde, èyí tí kò sí nínú márùn-ún tí àwọn òyìnbó kà: ǹjẹ́ etíkun náà yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i?

Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò gba owó púpọ̀. Kí a ri òpó mọ́lẹ̀ síbi tí omi kò lè dé, kí a máa wọn láti ìdí òpó náà dé ibi tí omi ń dé nígbà tí òkun bá kún, lóṣooṣù, fún ó kéré tán ọdún kan. Bí òkun bá jẹ mítà márùn-ún lọ́dún, ilé ìtura tí wọ́n kọ́ sí àádọ́ta mítà sí omi, ọdún mẹ́wàá péré ni ó ní láyé. Báǹkì tí ó yá ènìyàn lówó kọ́ ọ lè máà tíì gba owó rẹ̀ tán nígbà náà. Wíwọ̀n yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú kí ìjọba tó pe oníṣẹ́, kì í ṣe kí ó tẹ̀ lé e.

OHUN TÍ ÈKÓ ÀTI LOMÉ FI KỌ́ WA

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹrẹ̀ nìkan ni òkun ń jẹ. Etíkun tí ó lókìkí jù ní Nàìjíríà láyé àtijọ́ ni Bar Beach ní Èkó, iyanrìn sì ni. Láàrin ọdún 1908 sí 1912, ìjọba àwọn òyìnbó kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńláńlá lè máa wọlé. Ògiri náà dí iyanrìn tí ó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn lọ́nà. Apá kan, ìyẹn ìhà Lighthouse Beach, ń ga sí i. Bar Beach tí ó wà ní apá kejì ń ṣègbé. Láàrin nǹkan bí àádọ́ta ọdún, òkun ti wọlé ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀. Ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun ń kó o lọ. Níkẹyìn, ìlú Eko Atlantic tí wọ́n fi iyanrìn kọ́ sínú omi ni ó gba ipò rẹ̀. Bar Beach tí àwọn bàbá wa mọ̀ kò sí mọ́.

Bákan náà ni ó rí ní orílẹ̀-èdè Tọ́gò. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí èbúté Lomé ní ọdún 1968, etíkun tí ó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, títí dé Aného àti ẹnubodè Benin, bẹ̀rẹ̀ sí ṣègbé. Ọ̀nà àti ilé bá a lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ṣòro: ìjọba rẹ̀ ti ń lépa èbúté ọkọ̀ ńlá ní etíkun Ìlàjẹ. Bí èbúté náà bá wáyé, tí wọ́n sì kọ́ ògiri rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn ibi ìgbafẹ́, ohun tí ó ṣe Bar Beach lè ṣe ibẹ̀ náà. Ènìyàn kò lè gbèrò èbúté àti ibi ìgbafẹ́ ní ọ́fíìsì méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òfin ìyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, tí Nàìjíríà ní láti ọdún 1992, ti fi dandan lé e pé kí a kọ́kọ́ ṣe irú ìyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun tí yóò ti Èkó dé Calabar, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 700 kìlómítà, wọ́n wó ibi ìgbafẹ́ Landmark Beach ní Èkó, nítorí pé ó bọ́ sí ojú ọ̀nà náà. Àwọn tí wọ́n ń tajà níbẹ̀ pàdánù iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n gbèrò pé yóò gba ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá. Bí ó bá dé, yóò mú Araròmí súnmọ́ àwọn ará Èkó, èyí tí ó lè mú owó wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé sí etíkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀nà náà yóò gbà.

ÈNÌYÀN MÉLÒÓ NI ILẸ̀ GBÀ?

Ohun ìtura ni ó kàn. Ọ̀nà, ilé ìyàgbẹ́, omi mímu, ibòji, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ibi ìtọ́jú aláìsàn. Bí ẹnìkan bá mu omi òkun yó, wákàtí mélòó ni yóò gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju orin àti ẹja sísun lọ.

A sì lè ṣírò iye ènìyàn tí etíkun kan lè gbà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé iyanrìn gbígbẹ tí ó wà nílẹ̀ gùn ní 500 mítà, ó sì fẹ̀ ní 20 mítà nígbà tí òkun bá kún. Èyí jẹ́ 10,000 mítà níbùú lóròó. Bí a bá fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní mítà mẹ́wàá níbùú lóròó kí wọ́n má baà máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ẹgbẹ̀rún ènìyàn kan ni ó lè gbà. Bí a bá wá yọ ìdajì sílẹ̀ fún àwọn apẹja, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni ó kù. Nígbà tí a bá ti mọ iye yìí ni a tó lè mọ iye ilé ìyàgbẹ́ tí a ó kọ́, iye òmùwẹ̀ tí a ó gbà, àti bóyá owó tí ó ń wọlé yóò tó san owó oṣù wọn. Ibi ìgbafẹ́ tí kò bá ṣe ìṣirò yìí, pàǹtírí ni yóò fi parí. Ike omi àti ọ̀rá tí àlejò fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, òkun ni yóò gbé e, yóò sì tún dá a padà lọ́jọ́ kejì.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìdí tí a fi yọ ìdajì sílẹ̀. Iyanrìn tí àlejò rí bí ibi eré, ibi iṣẹ́ ni fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni apẹja ń fa àwọ̀n gbà, ibẹ̀ ni ó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń pín ẹja tí wọn yóò yan. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, nítorí náà ó rọrùn láti fa okùn yí etíkun ká kí a sì lé wọn kúrò. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti lé onílé, àlejò kì í sùn dáadáa. Ìgbafẹ́ tí ó dára ni èyí tí apẹja ń ta ẹja fún, tí ọmọ rẹ̀ ń wa àlejò nínú ọkọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń se oúnjẹ. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ èyí. Nínú ọdún Igogo tí wọ́n ń ṣe lóṣù kẹsàn-án, àlejò ń wá wo ohun tí onílé ń ṣe fún ara rẹ̀ ni, wọn kò lé onílé kúrò kí àlejò tó ráyè.

KÍ NI ÌDÁJỌ́ WA?

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, Araròmí ní iyanrìn, ó ní ẹwà, ó sì ní ìdákẹ́jẹ́. Ohun tí ó kù fún un ni òmùwẹ̀ tí ń ṣọ́ni, àyẹ̀wò omi tí ó ń lọ déédéé, ilé ìyàgbẹ́, ibi ìtọ́jú aláìsàn, àti wíwọ̀n tí yóò sọ bóyá òkun ń wọlé tàbí kò wọlé. Gbogbo ìwọ̀nyí ni owó lè ṣe, kì í sì í ṣe owó tí ó pọ̀ kọjá agbára ìjọba ìpínlẹ̀ kan. Araròmí lè yẹ.

Ayétòrò àti ìhà ẹlẹ́rẹ̀ kò yẹ fún ìwẹ̀ àti ìjókòó létí omi, kò sì sí ìpolówó tí ó lè yí ẹrẹ̀ padà sí iyanrìn. Ohun tí àlejò lè bá lọ síbẹ̀ ni ìtàn, orin ìjọ, ilé orí omi àti ìrìn nínú ọkọ̀ lórí odò. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn wà lọ́wọ́ bí ìlú náà bá ṣì wà. Owó àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó dé ibẹ̀ ni owó àtigba ìlú là. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í tẹ́ ẹní fún àlejò.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti kó àwọn ọmọdé lọ láti Ìpele àti agbègbè rẹ̀, ẹ má torí èyí jókòó sílé. Òkun yẹ ní rírí. Ẹ lọ láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta tí òjò kò pọ̀. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù, nítorí ọ̀nà jìn. Kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀ ibi tí omi ti ń fà, wọ́n mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ yan àgbàlagbà tí kò ní í jó, tí kò ní í mu, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ka iye ọmọ tí ó wà nílẹ̀ lọ. Bí kò bá sí òmùwẹ̀ tí ń ṣọ́ etíkun, kí omi má kọjá kókósẹ̀ ọmọ kankan. Ẹ kó pàǹtírí yín padà sínú bọ́ọ̀sì. Iye ọmọ tí ẹ kà nígbà tí ẹ ń lọ ni kí ẹ kà nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.